Gelato Tó Ga Bí Àpáta Olúmọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ o. Èmi tí mo fẹ́ máa sọ̀rọ̀ gelato yìí, ìyẹn irú áísìkíríìmù tí àwọn ará Ítálì ń ṣe, wàrà kì í bá inú mi rẹ́ rárá, láti kékeré ni. Tí mo bá fi lè mu mílíìkì ife kan báyìí, kí n tó fọ ife tán inú mi á ti máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Ṣùgbọ́n ọ̀fun mi ò mọ̀yẹn, ohun tó bá ti tutù tó sì dùn, ó ti parí nìyẹn, nígbà tá a wà ní kékeré n'Ìbàdàn tí mo bá ti gbọ́ fèrè oní-Fan Ice lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀, mo lè gbàgbé bàtà sílé kí n máa sáré tẹ̀lé e. Torí náà nígbà tí mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́ ní Leeds níbí, tí mo ní Ítálì ni mò ń lọ, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé kí n bá wọn kí Póòpù, mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Gelato ni mò ń bá lọ.

Ọjọ́ tí mo dé Róòmù gan-an ni wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Oṣù kẹfà ni, oòrùn ń ta bí ata, mo ti rìn títí mo fi dé ibi omi Trevi tí gbogbo ayé máa ń ju owó sí, èrò ibẹ̀ bí èrò Òṣòdì, àwọn ọlọ́pàá ń fọn fèrè lé àwọn tó fẹ́ jókòó sétí omi. Bí mo ṣe yà sí kọ̀rọ̀ kan báyìí ni mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ilé ìyàwó. Ẹ ẹ̀ bá rí gelato! Wọ́n kó o jọ òkìtì òkìtì, ó ga bí Àpáta Olúmọ, wọ́n wá gé ọsàn lé e lórí, pistachio wọn, ìyẹn irú ẹ̀pà òyìnbó kan, àwọ̀ jẹ́sì Super Eagles, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ọ̀kan tiẹ̀ wà tó búlúù bí omi tí wọ́n po búlúù aṣọ funfun sí. Mo nawọ́ sí mẹ́ta. Ọkùnrin yẹn ò bi mí bóyá kékeré ni àbí ńlá, ó fa kóònù tó tóbi jù lọ yọ, ó ń rọ́ ọ sínú ẹ̀, ó da kírímù lé e, ó fi bisikíìtì gún un lórí, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mo ti lá a, ó ní 13 Yúrò. Kóònù kan ṣoṣo! Ẹni tó ti fi ahọ́n kan nǹkan kò tún lè sọ pé òun ò rà mọ́, mo sanwó.

Ó dùn o, mi ò ní parọ́, àmọ́ adùn ṣúgà lásán ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yàtọ̀ síra wọn, pistachio yẹn tiẹ̀ ń ta òórùn nǹkan tí wọ́n máa ń kán sínú kéèkì. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé kò yọ́. Mo gbé e rìn nínú oòrùn yẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣì nàró ṣánṣán bíi sójà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo fi fọ́tò ẹ̀ han ìyá àgbà tí mo gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀ ní àdúgbò Esquilino. Màmá wo fọ́tò, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó bá fà mí lọ́wọ́ wọ kíṣìnnì. Òyìnbó ẹ̀ ò tó nǹkan, Ítálì tèmi ò sí rárá, fóònù ló ń bá wa túmọ̀. Ó da pistachio tó ti yan sórí tábìlì, ó bó o, ó ní kí n jẹ ẹ́ lẹ́nu kó kúnná, kí n wá lọ yọ ahọ́n síta níwájú dígí. Mo yọ ọ́. Ó ní àwọ̀ wo ni mo rí. Mo ní ó dà bí ewédú àná. Fóònù ò mọ bó ṣe máa túmọ̀ ewédú ṣùgbọ́n màmá ti ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Látọjọ́ yẹn, pistachio ni mo kọ́kọ́ máa ń wò tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù kankan. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewédú àná, àwọ̀ ewé tó ti fẹ́ máa di búráùn, mo máa ń dúró. Tó bá ń tàn yanranyanran, mo ti jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rò ó wò, ẹ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀, ṣé ìyeyè ló máa dà ni àbí ó máa dúdú? Gelato ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi, funfun tó ní eérú díẹ̀ nínú ni. Ti ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù funfun báláú ni, torí omi inú ẹ̀ ni wọ́n fún sí i, wọn ò lọ èèpo mọ́ ọn. Mínǹtì náà funfun ni ó yẹ kó jẹ́ tàbí kó tutù lójú díẹ̀. Èyí tó búlúù yẹn ni wọ́n ń pè ní puffo, ti àwọn ọmọdé ni, ó kàn jẹ́ kọ́lọ̀ ni, kò sí èso kankan nínú ẹ̀.

Màmá náà ló júwe ṣọ́ọ̀bù gelato kan tó ń jẹ́ Fassi fún mi lọ́jọ́ kejì, kò jìnnà sílé, Palazzo del Freddo ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ààfin òtútù, láti 1880. Mo kọ́kọ́ yà sí ọjà Esquilino tó wà ládùúgbò yẹn, ọjà tẹ́ ẹ ti lè rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ata rodo, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání (ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi dòdò ṣe ní Róòmù), mo wá gbé láílọ́ọ̀nù ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi wọ ààfin òtútù lọ. Gelato ìrẹsì ni mo jẹ níbẹ̀, riso lorúkọ ẹ̀, ẹ máa bá hóró ìrẹsì lẹ́nu gan-an. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ìyá mi pé èèyàn ń jẹ ìrẹsì tó tutù bíi yìnyín, ó máa ní ẹ gbàdúrà fún ẹni náà, àmọ́ mo fi ṣíbí ha ìdí ife.

Mo lọ Giolitti tó wà nítòsí ilé aṣòfin wọn, èrò pọ̀ ṣùgbọ́n ó tọ́ sí wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ní Róòmù ni Gelateria del Teatro ní ọ̀nà Via dei Coronari, wíńdò wà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ ti lè máa wo àwọn tó ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń bó èso, wọ́n ní ọ̀kan tí wọ́n fi ewé rosemary àti oyin àti lẹ́mọ́ọ̀nù ṣe. Ewé ọbẹ̀ nínú áísìkíríìmù! Ó tutù, ó ń ta sánsán, kò sì sí mílíìkì tó pa á mọ́lẹ̀.

Ìtìjú kan wà tí mo fẹ́ fò dá, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹlòmíì láǹfààní. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ, mo tò sórí ìlà bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó ń bu gelato na ọwọ́ sí mi, ó ní "scontrino?" Èmi rò pé orúkọ gelato kan ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, fún mi ní scontrino, kékeré. Ilé dàrú! Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já kóònù ẹ̀ sílẹ̀. Rìsíìtì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ẹ máa kọ́kọ́ lọ sanwó ní "cassa", ẹ máa sọ bóyá ife lẹ fẹ́, ìyẹn coppetta, tàbí kóònù, ìyẹn cono, àti iye tó tóbi tó, wọ́n á fún yín ní rìsíìtì, òun lẹ máa mú wá síbi tí wọ́n ti ń bù ú. Kékeré sábà máa ń gba oríṣi méjì. Iye owó gbogbo ẹ̀ wà lára ògiri, tẹ́ ò bá rí iye owó lára ògiri, ẹ yí padà. Ká ní mo mọ̀yẹn ní Trevi ni, 13 Yúrò mi ì bá wà lápò, torí níbi gidi tí mo padà lọ, kékeré ò ju Yúrò mẹ́ta tàbí díẹ̀ lé lọ.

Ìlú Fulọ́rẹ́ńsì ni mo ti ya wèrè. Ọ̀rọ̀ inú mi tí mo sọ lókè, mo gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Mo lọ Vivoli nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Croce, wọn kì í ta kóònù níbẹ̀, ife nìkan, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ Badiani nítorí oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Buontalenti, wọ́n fi orúkọ Bernardo Buontalenti pè é, ọkùnrin tó ń yàwòrán ilé fún ìdílé Medici tó ń jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn ará Fulọ́rẹ́ńsì gbà pé òun ló bẹ̀rẹ̀ gelato, òótọ́ àbí ìtàn, ìyẹn ò kàn mí. Ohun tó kàn mí ni pé mílíìkì, kírímù, ẹyin àti ṣúgà nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò sí èso kò sí ṣokoléètì, ó sì ń yọ̀ lọ́fun bíi ẹ̀kọ mímu. Mo jẹ ife méjì. Mo tún jẹ nocciola, ti ẹ̀pà hazelnut, lálẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ San Gimignano, wọ́n máa ń já èèyàn sí Poggibonsi láti wọ òmíràn. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí a tó dé Poggibonsi, inú mi ti ń lu gángan. Mo ń làágùn, mo di ijókòó mú, ọ̀nà ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láàárín òkè, gbogbo àjàrà ẹlẹ́wà tí àwọn èèyàn ń ya fọ́tò ẹ̀ lára wíńdò, èmi ò rí nǹkan kan, ẹ̀jẹ́ ni mò ń jẹ́. Ọlọ́run ṣàánú mi, ilé kọfí kan wà nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì dúró. Mo ra kọfí tí mi ò mu nítorí kí wọ́n lè fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti wá jókòó ronú. Mo bi obìnrin tó ń ta kọfí pé kí ni ẹni tí inú ẹ̀ ò gba wàrà máa ń jẹ ní ìlú yín, ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. Ó ní ti èso! Àwọn tí wọ́n fi èso ṣe, lẹ́mọ́ọ̀nù, sitọ́bẹ́rì, píìṣì, omi ni wọ́n sábà fi ń pò ó, kì í ṣe mílíìkì, sorbetto ni wọ́n ń pè é. Ṣokoléètì dúdú tí wọ́n ń pè ní fondente náà, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ omi ni wọ́n fi ṣe é. Ó kọ́ mi kí n máa bi wọ́n pé "senza latte?", ṣé kò sí mílíìkì nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ó gbà mí sílẹ̀ títí ìrìn-àjò fi parí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wàrà lè gbé yín dé ọsibítù ni, kì í ṣe inú rírun lásán bíi tèmi, ẹ ṣọ́ ṣíbí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bù ú, torí ẹyọ kan náà ni wọ́n lè máa tì bọ inú gbogbo ẹ̀.

Mo ṣì dé San Gimignano ṣá. Ìlà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù gelato Dondoli ní ojúde Piazza della Cisterna gùn débi pé mo fẹ́ yí padà, torí mo ti fi í sọ́kàn pé ibi tí àwọn àlejò bá ti pọ̀, ayé ni wọ́n ń jẹ lórí wọn. Irọ́ ni. Dondoli kún fún àlejò, gelato ẹ̀ sì dáa. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní Crema di Santa Fina, orúkọ ẹni mímọ́ ìlú yẹn ni, wọ́n fi saffron, èròjà oúnjẹ kan, àti hóró igi páìnì sí i, saffron yẹn sì ti jẹ́ ohun ọ̀gbìn àgbègbè wọn láti ayé àtijọ́. Kírímù ni o, mo mọ̀. Ṣíbí ìtọ́wò kan péré ni mo gbà, mo mú un sẹ́nu, mo dijú. Mo wá ra sorbetto fún ara mi bí ọmọlúwàbí.

Ní Bologna, ọmọ àǹtí mi kan ń kàwé ní yunifásítì wọn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo dé sí. Mo ti ń ṣe ọ̀mọ̀wé nígbà yẹn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tá a bá kọjá mo ti ń nàka sí àwọ̀ pistachio, ọmọ yẹn ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti di ọlọ́pàá gelato o." Ó bá mú mi wọ ibì kan tí kò sí gelato kankan lójú. Káńtà irin ni, ihò róbótó róbótó wà nínú ẹ̀, ọmọrí sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan bí ìkòkò ọbẹ̀. Pozzetti ni wọ́n ń pè é. Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ àwọ̀ ẹ̀ báyìí? Ó ní "Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tí wọ́n kọ sí ògiri."

Ó ní kí n wo bóyá ohun tí wọ́n kọ bá àsìkò mu. Tí ẹ bá rí cachi nínú oṣù kẹfà, èso tó jẹ́ pé ìgbà tí ewé bá ń rẹ̀ ló ń pọ́n, ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí i. Mo ní ó yé mi, ẹni tó bá ń ta àgbálùmọ̀ fún mi lóṣù kẹjọ, èmi náà máa bi í. Ó ní kí n má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "artigianale", ìyẹn ohun tí wọ́n fọwọ́ ṣe, tí wọ́n kọ gàdàgbà síta tàn mí, torí ẹni tó ń po páúdà inú àpò mọ́ mílíìkì náà lè kọ ọ́. Òun fúnra ẹ̀, fior di latte ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ wò níbi tuntun, mílíìkì àti ṣúgà lásán, kò síbi tí àléébù máa sá pamọ́ sí. Bíi kéèyàn tọ́ ọbẹ̀ ata lásán wò lọ́dọ̀ olóúnjẹ kó tó béèrè ẹran. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi torí pé ọmọ ogún ọdún ló sọ ọ́.

Òun náà ló mú mi lọ sí Anzola dell'Emilia lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilé iṣẹ́ Carpigiani, tó ti ń ṣe ẹ̀rọ gelato láti 1946, ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gelato sí ní 2012. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òkìtì Trevi ti wá yé mi. Gelato mílíìkì rẹ̀ ju kírímù lọ, wọ́n ń rò ó díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ inú ẹ̀ púpọ̀, àmọ́ áísìkíríìmù inú ike tá à ń rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ìdajì ohun tó wà nínú ẹ̀ lè jẹ́ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ la ń sanwó fún! Wọn kì í sì jẹ́ kí gelato tutù tó áísìkíríìmù, bíi -12 sí -14 ni wọ́n ń fi í sí, áísìkíríìmù wà ní -18, ìdí nìyẹn tí ahọ́n fi ń tètè gbọ́ adùn ẹ̀, tó sì fi rọ̀. Nǹkan tó rọ̀ báyẹn ò lè dúró bí òkè. Ó máa sùn sínú abọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá wá rí èyí tó ga tó sì nàró nínú oòrùn bíi tèmi, afẹ́fẹ́ àti òróró àti nǹkan tí wọ́n fi ń mú un ki ló ń gbé e dúró.

Stracciatella tí mo ti ń rí láti ọjọ́ yìí náà, Bergamo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1961, ọ̀gbẹ́ni Enrico Panattoni ló da ṣokoléètì yíyọ́ sínú gelato funfun tó ń rò lọ́wọ́, ó sì dì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wá fi orúkọ ọbẹ̀ ẹyin kan tí wọ́n ń sè ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pè é. Mo fẹ́ràn ẹni tó wo ọbẹ̀ tó sì rí áísìkíríìmù.

Ọjọ́ mẹ́ta tó kù, mo wọ bàálù lọ Catania ní Sísílì. Ibẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ gelato mọ́ láàárọ̀, granita ni wọ́n fi ń jẹun òwúrọ̀, omi dídì tí wọ́n fi álímọ́ńdì tàbí lẹ́mọ́ọ̀nù ṣe, pẹ̀lú búrẹ́dì rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní brioche col tuppo. Tuppo yẹn, irun tí obìnrin dì jọ sókè orí ni. Ìyẹn ni pé búrẹ́dì náà di ṣùkú! Orí kékeré wà lórí orí ńlá, ẹ máa kọ́kọ́ já ṣùkú yẹn, ẹ máa rì í bọ granita, ẹ máa jẹ ẹ́. Àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́ ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

Láti ibẹ̀ ẹ lè rí òkè Etna, ìdí òkè yẹn ni Bronte wà, tí pistachio tí gbogbo ayé ń pariwo ti ń wá. Ọdún méjì méjì ni wọ́n máa ń ká a, ìdí kan nìyẹn tó fi wọ́n, torí náà ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta "Bronte" ní gbogbo òpópónà ayé pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú, ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i. Mo tọ́ gelato ẹ̀ wò. Ṣíbí kan, mi ò jù bẹ́ẹ̀. Ewédú àná, iyọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀, ó dà bíi pé mo ń jẹ ohun tó hù látinú ilẹ̀.

Bàbá tó wà ní káńtà ti rí mi lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Lọ́jọ́ kẹta, kí n tó la ẹnu ó ti ní "mandorla, senza latte", álímọ́ńdì, kò sí mílíìkì. Ó gbé granita kalẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì oníṣùkú kan. Mo ní kó fi ìkejì lé e.